Kí ẹran ara má baà wọ fọ́málínì: bí a ṣe ń béèrè fún àyẹ̀wò WGS fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní NHS ilẹ̀ England

Lọ́pọ̀ ìgbà tí àyẹ̀wò WGS (whole genome sequencing, kíka gbogbo DNA ènìyàn) bá forí ṣánpọ́n, ó ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò láti kọ fọ́ọ̀mù. Ẹran ara tí wọ́n gé lára aláìsàn ti wọ ìgò fọ́málínì, omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa ẹran ara mọ́, ní tíátà, torí pé inú fọ́málínì ni wọ́n ti ń jù ú sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún nọ́ọ̀sì tó dúró ti oníṣẹ́ abẹ pé ti òní yàtọ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù tó lè dá a padà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ọ̀rọ̀ ẹran ara ṣáájú ọ̀rọ̀ ìwé níbí. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni dókítà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ, àti àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nínú NHS ilẹ̀ England, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń gba ìtọ́jú náà lè ti ara rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà, kó sì béèrè é lásìkò.

Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wò

DNA ènìyàn gùn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Àyẹ̀wò jíìnì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń ṣí ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ńlá yẹn: jíìnì méjì, tàbí àádọ́ta, tàbí igba. WGS ń kà á láti páálí dé páálí. Fún jẹjẹrẹ, ìwé méjì ló ń kà: DNA inú kókó jẹjẹrẹ, àti DNA tí wọ́n bí mọ́ aláìsàn, èyí tí a ó máa pè ní DNA àbímọ́. Ẹ fi wé aṣọ méjì tí wọ́n gé lára ìgàn kan ṣoṣo. Tí ẹ bá tẹ́ wọn síra, àbàwọ́n tó wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì ti ní láti dé bá a lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn. Ó ń yọ DNA àbímọ́ kúrò lára ti kókó, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ ọwọ́ jẹjẹrẹ. Ẹ fi àpèjúwe aṣọ yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Nínú 100,000 Genomes Project, iṣẹ́ tí wọ́n fi ka DNA àwọn aláìsàn NHS, tí iye DNA tí wọ́n kà pé 100,000 lóṣù Kejìlá ọdún 2018, nǹkan bí ìgbà 30 ni wọ́n ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan DNA àbímọ́, ti kókó sì tó ìgbà 75. Ti kókó pọ̀ jù torí pé kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló wà nínú ẹran ara tí a gé. Ẹ̀jẹ̀, iṣan àti àwọn sẹ́ẹ̀lì agbógunti-àrùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ohùn jẹjẹrẹ á sì rì sínú ariwo wọn tí a kò bá tẹ́tí dáadáa. Lára iṣẹ́ yẹn ni NHS Genomic Medicine Service ti jáde. Láàbù méje, tí wọ́n ń pè ní GLH (Genomic Laboratory Hub), ló pín ilẹ̀ England láàárín ara wọn. GLH ẹkùn yín lẹ ó máa bá ṣe pọ̀. Òun ló ń gba sáńpù, tó ń yọ DNA, tó ń fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kà á, òun náà ló sì máa kọ èsì sí yín lẹ́yìn tí Genomics England bá ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀.

Ta ló tọ́ sí?

Ìwé kan ló ń pinnu rẹ̀, National Genomic Test Directory. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, gbogbo ènìyàn ló sì lè ṣí i. Apá méjì ló ní: àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, tí àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà M, àti àyẹ̀wò àrùn àjogúnbá, tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R. Jẹjẹrẹ ọmọdé, sarcoma (jẹjẹrẹ egungun, iṣan àti irú ẹran ara bẹ́ẹ̀), àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára pani wà lára àwọn tí WGS tọ́ sí. Wọ́n máa ń tún ìwé náà ṣe, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí ẹ rántí láti ọdún tó kọjá. Ẹ ṣí i fún aláìsàn tó wà níwájú yín gan-an, kí ẹ wo àmì àyẹ̀wò náà àti irú aláìsàn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. Obìnrin kan ní jẹjẹrẹ ọmú, ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ní in rí, dókítà wá ń wá bó ṣe máa gba WGS fún un. Ohun tó ń wá kò ju bóyá obìnrin náà jogún ìbàjẹ́ nínú jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2, tó lè fa jẹjẹrẹ ọmú. R208 ni àyẹ̀wò yẹn: ẹ̀jẹ̀ nìkan tó o, kò nílò ẹran ara tútù, kò sì nílò gbogbo wàhálà tí a fẹ́ kà kalẹ̀ yìí. WGS wà fún ìgbà tí a fẹ́ mọ ohun tó ń ti jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn.

WGS kì í sì í rọ́pò àyẹ̀wò kíákíá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbà, aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì lè nílò oògùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ rán FISH àti karyotype, tó ń wo kúrómósómù, àti àwọn àyẹ̀wò molecular (ti jíìnì) tó máa ń yá jáde lọ lọ́jọ́ kan náà. Àyẹ̀wò jíìnì DPYD, tí a ń ṣe kí aláìsàn tó gba oògùn kẹ́mò 5-FU tàbí capecitabine, ẹ má dá a dúró de WGS rárá.

Ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gé e

Ìpàdé MDT, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ti ń jíròrò, ni ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti jọ ẹni tí WGS lè tọ́ sí, kódà bí wọn ò tíì mọ irú jẹjẹrẹ náà pàtó, kí ẹnì kan sọ ọ́ síta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀: “ẹran ara tútù fún WGS”. Kí ọ̀rọ̀ kan náà wà lórí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè fún bíbu ẹran ara lọ́dọ̀ dókítà aláwòrán, àti lórí àkójọ iṣẹ́ tíátà ọjọ́ náà. Ibi mẹ́ta ni, torí pé ẹni tó jókòó ní MDT lè má sí ní tíátà, ẹni tó sì wà ní tíátà kì í sábà ka àkọsílẹ̀ MDT.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹ̀ka patọ́lọ́jì, àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò láti dá àìsàn mọ̀, lórí fóònù. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa gba ẹran ara náà, títí di aago mélòó ló máa wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń dì í. Bí iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sí ọ̀sán Jímọ̀, ìbéèrè yìí ló máa gba àyẹ̀wò náà là: ọ̀pọ̀ patọ́lọ́jì kì í ní ẹni tó lè di ẹran ara lẹ́yìn aago márùn-ún, ẹran ara tó bá sì dúró de ọjọ́ Ajé ti sọ nù. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ gbìyànjú kí wọ́n gbé aláìsàn náà ṣáájú nínú àkójọ, kó jẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀.

Kí wọ́n gé e kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. Oògùn kẹ́mò àti ìtànṣán máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ohun tó sì ń kù lẹ́yìn wọn sábà máa ń jẹ́ àpá àti òkú ẹran, tí DNA inú rẹ̀ kò wúlò.

Ẹran ara kókó

Kí ló dé tí fọ́málínì fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ó dára fún ẹni tó ń fi maikirosikóòpù wo ìrísí sẹ́ẹ̀lì, torí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà. Ọ̀nà tó ń gbà mú un dúró ni wàhálà: ó ń so DNA pọ̀ mọ́ purotéènì, ó ń já a sí wẹ́wẹ́, ó sì ń yí lẹ́tà C padà títí tí ẹ̀rọ fi ń kà á bíi T. Àyẹ̀wò tó ń wo jíìnì díẹ̀ lè fara da èyí. Nígbà tí a bá ń ka bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyípadà irọ́ ló máa jáde, wọ́n á sì bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi WGS pa ìdánimọ̀ àìsàn lára. Patọ́lọ́jì ṣì nílò ẹran ara tirẹ̀ nínú fọ́málínì láti sọ orúkọ jẹjẹrẹ náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi abẹ́rẹ́ gé e, àwọn ègé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánimọ̀ àìsàn, kí dókítà aláwòrán wá fi ègé kan tàbí méjì kún un fún WGS, bí ó bá rí i pé kò ní léwu fún aláìsàn. Kí ìgò méjì wà lórí tábìlì kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti kọ nǹkan sára méjèèjì: ọ̀kan ní fọ́málínì, èkejì gbẹ. Ìgò kejì yẹn, tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, ló máa ń rú nọ́ọ̀sì tuntun lójú. Ẹ rí i dájú pé wọn ò ṣàánú rẹ̀ kí wọ́n da fọ́málínì sí i.

Tó bá jẹ́ odindi kókó ni wọ́n gé jáde, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Oníṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ bu lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Patọ́lọ́jì máa ń fi táàdà kun ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ dé etí ibi tí ọ̀bẹ gbà; bí ẹnikẹ́ni bá ti la ibẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú mọ́, ìyẹn sì lè yí ìpinnu ìtọ́jú padà. Kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ ní tútù, láìsí fọ́málínì, kí patọ́lọ́jì bu èyí tó fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e: ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, tí wọ́n dé pa dáadáa, nínú ọ̀rá, kí ọ̀rá náà wà lórí yìnyín. Kí yìnyín má kan ẹran ara lára. Kí wọ́n má rì í sínú omi iyọ̀. Kí wọ́n kọ aago tó jáde lára aláìsàn sí ara ìgò, kí ẹnì kan sì gbé e lọ lọ́wọ́. Ẹ má fi sínú àpótí tí àwọn tó ń kó sáńpù máa wá kó nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ sísàn sí i ló ti ń bàjẹ́.

Ní patọ́lọ́jì, wọ́n á bu ègé kékeré, wọ́n á dì í kíákíá pẹ̀lú nitrojíìnì olómi tàbí isopentane tí wọ́n ti mú tutù, wọ́n á sì fi í sí fíríìsà tó wà ní −80°C. Fíríìsà lásán ti wọ́ọ̀dù kò tó o. Wọ́n á tún gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, tàbí lára ẹran tó fara kàn án, láti fi maikirosikóòpù wò ó bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ tó. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé, kí ó kéré tán 30% nínú gbogbo kóró sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti jẹjẹrẹ, kí òkú ẹran má sì tó 20%. Ẹ kíyè sí i pé kóró sẹ́ẹ̀lì ni a ń kà, kì í ṣe bí jẹjẹrẹ ṣe gba ojú ibẹ̀ tó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tóbi, ó sì ń gba ààyè; àwọn sẹ́ẹ̀lì agbógunti-àrùn kéré bí ọkà bàbà, wọ́n sì lè kó ara wọn jọ sí àlàfo kékeré kan, síbẹ̀ kí iye wọn ju ti jẹjẹrẹ lọ. Kóró kọ̀ọ̀kan ló ní DNA tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n ààyè lè sọ pé 60% nígbà tí DNA tó máa jáde kò ju 25% lọ. Ìdí nìyẹn tí sáńpù tí gbogbo wa rò pé ó dára fi ń padà wá pẹ̀lú èsì tí kò ní láárí.

Tí wọ́n bá ń rán an lọ sí GLH, dry ice (yìnyín gbígbẹ) ni kí wọ́n fi bò ó, ní ọjọ́ tí yóò fi dé kí òpin ọ̀sẹ̀ tó wọlé. Ẹran ara tó yọ́ tí wọ́n tún dì padà kì í ṣe ohun kan náà mọ́.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rọrùn díẹ̀. Mùdùnmúdùn inú egungun ni sáńpù, nínú ìgò EDTA, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tó ní ìdérí elésè àlùkò. Kí dókítà fi omi tó kọ́kọ́ fà jáde sílẹ̀ fún àwọn àyẹ̀wò tí iye sẹ́ẹ̀lì ṣe kókó nínú wọn, kó sì bá láàbù sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in, torí bó bá ti ń fà á lọ, ẹ̀jẹ̀ lásán ni yóò máa dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n má lo ìgò heparin tó ní ìdérí aláwọ̀ ewé. Heparin máa ń dí àwọn kẹ́míkà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí DNA lọ́wọ́. Kí wọ́n má sì gbé ìgò EDTA sínú fíríìsà.

DNA àbímọ́, níbi tí aṣọ kejì ti lè lábàwọ́n

Fún kókó tó wà nínú ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò EDTA ti tó. Iye mílílítà tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ àgbà àti lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́ wà nínú ìtọ́sọ́nà GLH yín. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí aláìsàn wá fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ẹran ara dáradára ló wà nínú fíríìsà lónìí tí kò tẹ̀síwájú, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó bá a rìn kò dé. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ rántí aṣọ méjì yẹn. Bí a bá mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gẹ́gẹ́ bí DNA àbímọ́, àbàwọ́n kan náà á wà lára aṣọ méjèèjì, kọ̀ǹpútà á rò pé bí wọ́n ṣe hun ún nìyẹn, á sì yọ àyípadà tí a ń wá gan-an dànù. Èsì á jáde, á mọ́ rekete, á sì jẹ́ irọ́. Itọ́ kò gbà wá sílẹ̀ pátápátá, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ nínú itọ́, pàápàá lẹ́nu aláìsàn tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Awọ ara ló dára jù. Wọ́n ń fi irin roboto tó ní fífẹ̀ 3 sí 4 mm bù ú, wọ́n sì lè ṣe é lábẹ́ oògùn apàrora kan náà tí wọ́n fi gba mùdùnmúdùn ní ìdí, kí wọ́n má baà gún aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì. Inú omi tí láàbù bá fi ránṣẹ́ ni kó wọ̀. Fọ́málínì kọ́, fíríìsà kọ́: láàbù fẹ́ hu sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bí ẹni hu irúgbìn, òkú irúgbìn kì í sì í hù. Híhù yẹn ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gba awọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má dúró títí tí èsì mùdùnmúdùn fi máa dé. Àwọn GLH kan máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ìgbà tí ìtọ́jú ti lé àrùn lọ. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbà á.

Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún láti ara ẹlòmíràn rí ní ìṣòro tirẹ̀. DNA olùtọrẹ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí fọ́ọ̀mù kò bá sọ ọ́, wọ́n á fi DNA ẹlòmíràn wé kókó rẹ̀. Awọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Bíbá aláìsàn sọ̀rọ̀

Ìwé tí a ń kọ lẹ́yìn ìjíròrò ni Record of Discussion, tí wọ́n ń pè ní RoD. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má sì pò wọ́n pọ̀. Èkínní ni pé aláìsàn gbà kí a ṣe àyẹ̀wò náà fún ìtọ́jú rẹ̀. Èkejì ni pé a fi lọ̀ ọ́ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fi DNA àti àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀, láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, sí National Genomic Research Library, kí àwọn onímọ̀ lè lò ó. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni sí èkínní kó sọ rárá sí èkejì, àyẹ̀wò rẹ̀ á sì lọ bó ṣe yẹ. Ó tún lè yí ọkàn padà lórí èkejì nígbàkígbà.

Nínú èdè wa, “ìwádìí” ń ṣiṣẹ́ fún ohun méjèèjì yìí, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wọlé. Bí ògbufọ̀ bá sọ fún màmá àgbàlagbà pé “wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ìwádìí”, ohun tí màmá máa gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ fi òun dán nǹkan wò. Ẹ pe ti ìtọ́jú ní “àyẹ̀wò”, kí ẹ sì pe èkejì ní “ìwádìí àwọn onímọ̀, fún àwọn aláìsàn ọjọ́ iwájú”. Ògbufọ̀ ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lò. Ọmọ aláìsàn kò yẹ fún iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ yìí lè kan ara òun náà.

Apá tó ṣòro jù láti sọ ni DNA àbímọ́. A lè sọ ọ́ báyìí: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wo ohun tó ń mú kí àìsàn yìí máa dàgbà, bóyá a máa rí oògùn tó bá a mu. Ká tó lè mọ tirẹ̀, a ní láti wo bí ara yín ṣe rí látilẹ̀wá. Nígbà tá a bá ń wo ìyẹn, ó ṣeé ṣe ká rí nǹkan tẹ́ ẹ jogún, tó lè wà lára àwọn ọmọ yín tàbí àwọn àbúrò yín náà. Tá a bá rí i, a máa sọ fún yín, a ó sì fi yín mọ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù wá lọ.” Kí ẹ sinmi díẹ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn “àìsàn ìdílé” wúwo láàárín wa, ó ń kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn ọmọ. Ẹ má lò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Àǹfààní rẹ̀ náà yẹ ní sísọ: ọmọ tó bá mọ̀ pé òun jogún rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kó tó di kókó.

Wọ́n á béèrè nípa ìnṣúránsì. Àdéhùn wà láàárín ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣúránsì ní Britain, Code on Genetic Testing and Insurance ti ọdún 2018: wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan béèrè èsì àyẹ̀wò tó ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, àfi ti àrùn Huntington fún ìnṣúránsì ẹ̀mí tó ju £500,000 lọ. Àìsàn tó ti ń ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n lè béèrè.

Fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń béèrè fún àyẹ̀wò náà kò gùn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà NHS. Kọ́ńsọ́tántì tó ni aláìsàn. Àmì àyẹ̀wò láti inú Directory. Irú jẹjẹrẹ àti ibi tó wà. Bóyá ó jẹ́ àkọ́kọ́, tàbí ó padà wá, tàbí ó ti ràn. Irú sáńpù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gbà á. Kí ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹgbẹ́ yín jọ ń wò síbẹ̀, torí dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ á ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn nígbà tí èsì bá dé.

Orúkọ Yorùbá ń fa ìkọ̀sílẹ̀ tí kò yẹ. Aláìsàn jẹ́ Ọmọbọ́láńlé nínú àkọsílẹ̀ NHS, wọ́n kọ Bola sára ìgò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú lórí fọ́ọ̀mù. Láàbù kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni, òfin sì ní kó kọ̀ ọ́. Kí orúkọ tó wà lára ìgò, lórí fọ́ọ̀mù àti lórí RoD jẹ́ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ NHS, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀jẹ̀ ṣeé tún gbà. Ẹran ara kókó kò ṣeé tún gbà.

Ẹ má fi ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀yà sílẹ̀ lófìfo. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí.

Nígbà tí èsì bá dé

GLH máa ń gbé àwọn èsì tó díjú wá sí ìpàdé Genomic Tumour Advisory Board, GTAB, ó sì dára kí ẹni tó mọ aláìsàn náà wà níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò lórí èsì ni ìdá jẹjẹrẹ tó wà nínú sáńpù. Tó bá kéré, “a kò rí nǹkankan” kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkankan.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àyípadà inú kókó. Bí ìsopọ̀ jíìnì NTRK (tí jíìnì yẹn lẹ̀ mọ́ jíìnì mìíràn) bá jáde, oògùn bíi larotrectinib tàbí entrectinib wà tí wọ́n ń fún aláìsàn nítorí jíìnì yẹn, ibi yòówù kí kókó wà lára. Èsì náà tún ń fi iye àyípadà tó wà nínú kókó lápapọ̀ hàn, àti irú àpá tí wọ́n jọ: àpá oòrùn, àpá sìgá, tàbí ti sẹ́ẹ̀lì tí kò lè tún DNA rẹ̀ ṣe.

Ní ti DNA àbímọ́, àyípadà wà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó léwu, ó sì wà tí wọn ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní VUS. VUS pọ̀ lára èsì àwọn ènìyàn tó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, torí pé DNA àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ṣàkójọ ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, àmì YRI sì wà nínú àkójọ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó. Àyípadà tó wọ́pọ̀ láàárín wa tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan lè dà bí àjèjì lójú ẹni tó ń fi ti ilẹ̀ Yúróòpù wé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà aláìsàn fi ṣe kókó lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má gé ọmú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣàyẹ̀wò ọmọ ẹnikẹ́ni, nítorí VUS.

Bó bá jẹ́ èyí tó léwu lóòótọ́, bíi ti jíìnì TP53, ẹ rán aláìsàn lọ sí clinical genetics (ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn àjogúnbá) lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ ìtànṣán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ìtànṣán lè dá jẹjẹrẹ mìíràn sílẹ̀ lára ẹni tó jogún rẹ̀. Èsì WGS tí kò rí ohun àjogúnbá kankan kò sì parí ọ̀rọ̀ bí ìtàn ẹbí bá lágbára, torí kì í ṣe gbogbo jíìnì ni wọ́n ń wò fún apá yìí.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aláìsàn lè wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí NHS kò ti lè ṣe àyẹ̀wò fún wọn. Ẹ bẹ clinical genetics kí wọ́n kọ lẹ́tà tí aláìsàn lè fi ránṣẹ́ sílé, kí orúkọ jíìnì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì àyípadà náà ní kíkún, lẹ́tà àti nọ́ńbà, àti nọ́ńbà transcript (ẹ̀dà jíìnì tí wọ́n fi ń ka ipò àyípadà) tí wọ́n lò. Láàbù yòówù tó bá gba lẹ́tà yẹn lè wo ojú ibẹ̀ tààrà, láìní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “BRCA wà nínú ẹbí” kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́.